LIFE ti 20 September 1943: kí ni gbogbo ìpolówó yìí ń wá láàárín ogun?

Ọmọ_Ìtàn_Àná

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ìwé ìròyìn àtijọ́ lẹ lè bá mi tú u.

Magasíìnì LIFE ti Amẹ́ríkà ni mò ń kà lórí Google Books, àwọn ẹ̀dà ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, láti November 1936 tí Henry Luce gbé e jáde títí dé December 1972 tí wọ́n dá títẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dúró. Èyí tí mo mú ni ti 20 September 1943, torí fọ́tò tí George Strock yà, tí gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ àwòrán ogun máa ń dárúkọ, ti àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà mẹ́ta tó kú sí etíkun Buna ní New Guinea. Mo rí i. Odidi ojú ìwé kan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ọkọ̀ tó ń gbé ṣọ́jà gúnlẹ̀ ti bàjẹ́, ó ti rì díẹ̀ sómi lẹ́yìn wọn, ẹni tó sún mọ́ kámẹ́rà jù dojú bolẹ̀, iyanrìn ti ń bo ara wọn díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ní rí ojú ẹnì kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ti wù kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ tó. Wọn ò kọ orúkọ wọn síbẹ̀.

Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni gbogbo nǹkan tó yí i ká. Mo ní kí n ka ìwé náà láti páálí dé páálí, bíi ti ẹni tó fi 10 cents rà á nígbà yẹn, àṣé ìpolówó ni màá máa bá pàdé lọ ràì, ọṣẹ, sìgá, rédíò, àwọn oníṣẹ́ mọ́tò, àwọn oníṣẹ́ táyà. Bẹ́ẹ̀ láti February 1942 ni Amẹ́ríkà ti dá ṣíṣe mọ́tò fún ará ìlú dúró, táyà gan-an ti wà lábẹ́ òfin pé ẹnikẹ́ni ò lè rà á bó ṣe wù ú láti January ọdún yẹn. Ẹni tí kò lọ́jà lọ́wọ́, kí ló ń polówó?

Èkejì, January 1943 ni ìjà Buna parí, kí ló dé tí fọ́tò yìí fi jókòó di September? Ẹ̀kẹta ló wá ká mi lára jù, ṣé a lè fi irú ìwé yìí sọ pé báyìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe rí ogun náà? Mo fẹ́ kọ nǹkan kékeré kan lórí ẹ̀ ni, mi ò fẹ́ rọ̀ mọ́ fọ́tò kan ṣoṣo bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá_Ìwé_Àtijọ́

Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́. Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe kà á látòkè délẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á wo òkú tán ni wọ́n á pa ìwé dé. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti September yẹn, òun gan-an ni egungun ọ̀rọ̀ yìí.

Látìgbà tí Amẹ́ríkà ti wọ Ogun Àgbáyé Kejì ní December 1941, ìjọba ò jẹ́ kí fọ́tò òkú ṣọ́jà Amẹ́ríkà jáde nínú ìwé ìròyìn. Fọ́tò tí wọ́n bá yà lójú ogun, ọwọ́ àwọn ológun ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, èyí tí wọn ò bá fẹ́ kí ìlú rí á wọ inú fáìlì kan ní Pentagon, oríléeṣẹ́ àwọn ológun, tí wọ́n ń pè ní Chamber of Horrors, ìyẹn Yàrá Ohun Ẹ̀rù, orúkọ yẹn tó láti sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún yín. Bí wọ́n ṣe dá ti Strock dúró nìyẹn. Ẹ má rò pé àwọn LIFE ni kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́ o, oṣù lórí oṣù ni Cal Whipple tó jẹ́ akọ̀ròyìn wọn ní Washington fi ń gun àtẹ̀gùn láti ọ́fíìsì ọ̀gá ológun kan dé òmíràn, ẹjọ́ náà ń gòkè títí ó fi dé White House.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóṣù yẹn. Wọ́n ti gba Sicily ní August, 8 September ni wọ́n kéde pé Ítálì ti túúbá, inú ará ìlú ń dùn ṣìnkìn, lójú ọ̀pọ̀ wọn ogun ti ń parí lọ nìyẹn. Ààrẹ Roosevelt àti Elmer Davis tó ń darí Office of War Information, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìròyìn ogun, rí i pé tí wọ́n bá ń fi ìròyìn ayọ̀ nìkan bọ́ ìlú, ọwọ́ ìlú á dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tó le jù ṣì ń bọ̀, wọn ò tíì gbé ẹsẹ̀ lé Faransé rárá. Kẹ́ ẹ sì tún wò ó, 9 September ni ìpolongo bọ́ǹdì ogun ẹlẹ́ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀, $15 billion ni wọ́n fojú sùn pé wọ́n fẹ́ yá lọ́wọ́ ìlú. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún fọ́tò òkú. Mi ò sọ pé torí bọ́ǹdì nìkan ni o, àmọ́ ẹni tó bá ní wọn ò mọ ara wọn rí ń tan ara ẹ̀ ni.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ olóòtú tó bá fọ́tò náà rìn dáadáa. Àwọn fúnra wọn ló béèrè ní gbangba pé kí ló dé tí àwọn fi tẹ àwòrán yìí, wọ́n wá fèsì pé ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó láéláé. Ìwé ìròyìn tó dá ara ẹ̀ lẹ́jọ́, tó tún ń rojọ́ fún ara ẹ̀ lójú ìwé ara ẹ̀, ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe yìí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe é láti ọdún méjì. Ibẹ̀ yẹn lẹ ti máa gbọ́ ohùn wọn ju inú fọ́tò lọ.

Àwọn ojú tẹ́ ẹ ní ẹ ò rí yẹn náà, òfin wà nídìí ẹ̀, wọn ò fẹ́ kí ìyá ẹnì kan ṣí magasíìnì kó bá ọmọ ẹ̀ níbẹ̀. Bí fọ́tò náà ṣe fi ojú pa mọ́ ló jẹ́ kó ríbi gbà kọjá.

Àjíkẹ́_Onísírò

Ìdí àkáǹtì lèmi ti ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n mú ti ìpolówó torí òun lèmi máa ń kà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn ṣọ́jà yẹn máa ń bà mí nínú jẹ́ jù.

Owó orí ni kẹ́ ẹ wò. Ní 1942 Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà gbé owó orí tó wà lórí àpọ̀jù èrè ga dé 90%. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé èrè tí iléeṣẹ́ kan bá jẹ tó kọjá ìwọ̀n èyí tó máa ń jẹ kógun tó dé, ìjọba ló máa kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ lọ. Àwọn oníṣẹ́ mọ́tò wá ń rọ tánkì, wọ́n ń ṣe ẹ̀ńjìnnì báàlù, Ford ń to báàlù B-24 ní Willow Run, owó ń ya wọlé bí omi, àmọ́ ibi tó ń gbà wọlé náà ló ń gbà jáde. Ìpolówó ńkọ́? Ìnáwó iṣẹ́ ni ìjọba gbà á sí níwọ̀n tó bá ṣáà mọ níwọ̀n, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú èrè kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Tẹ́ ẹ bá wà nípò ọ̀gá iléeṣẹ́, dọ́là kan tẹ́ ẹ bá ná sí ojú ìwé LIFE, ìjọba ni ìbá gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ni kò ní ná an? Ẹ ò ní ọjà lónìí, àmọ́ ogun á parí lọ́jọ́ kan, ẹni tí orúkọ yín bá ti kúrò létí ẹ̀ á lọ bá ẹlòmíì ra mọ́tò.

Ìdí nìyẹn tí ìpolówó wọn fi máa ń rí bákan, àwòrán báàlù ní òkè, ọ̀rọ̀ ìwúrí ní àárín, tó bá wá di ìsàlẹ̀ wọ́n á ní "ẹ ra bọ́ǹdì ogun." Bọ́ǹdì Series E tí wọ́n ń wí yẹn, $18.75 lẹ máa san, tó bá di ọdún mẹ́wàá ẹ gba $25. Ẹ ò lè rí mọ́tò rà, firíìjì ò sí, owó oṣù sì pọ̀ torí iṣẹ́ wà níbi gbogbo, tí ìjọba ò bá fa owó yẹn kúrò lọ́wọ́ ìlú gbogbo nǹkan ni ì bá gbówó lórí. Nítorí náà bọ́ǹdì ń ṣe iṣẹ́ méjì, ó ń rówó fún ogun, ó sì ń dí owó mọ́lẹ̀.

Àwọn ilé ìpolówó náà ti para pọ̀ ní 1942 láti máa bá ìjọba jẹ́ iṣẹ́, War Advertising Council ni wọ́n ń jẹ́. Torí náà lẹ ṣe máa rí i tí wọ́n ń bẹ àwọn ìyàwó ilé pé kí wọ́n má da ọ̀rá tó kù nínú páànù nù, kí wọ́n gbé e lọ fún alápatà, àwọn kan á wá kó o lọ fi ṣe glycerin, ìyẹn náà á sì wọ inú àdó olóró. Bẹ́kọ́ọ̀nù tó kúrò lórí iná láàárọ̀ ló ń lọ sójú ogun yẹn o.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má gba gbogbo ẹ̀ gbọ́. Sìgá Lucky Strike gbé ìpolówó kan jáde ní 1942 pé àwọ̀ ewé ara páálí àwọn ti lọ sógun, pé èròjà tí wọ́n fi ń ṣe àwọ̀ ewé yẹn làwọn yọ̀ǹda fún ìjọba. Ẹni tó gbọ́ á ní áà, olóòótọ́ ọmọ ìlú. Àṣé wọ́n ti fẹ́ pààrọ̀ páálí náà sí funfun tẹ́lẹ̀, kí àwọn obìnrin lè fẹ́ràn ẹ̀, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Raymond Loewy ti ya tuntun fún wọn kí Amẹ́ríkà tó wọ ogun rárá. Ogun ni wọ́n fi bo ọ̀rọ̀ ọjà.

Kò_Dé_Bẹ́ẹ̀

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ibì kan náà ló ń já sí lọ́dọ̀ tèmi: irọ́ ìjọba ni wọ́n ń tà fún ará ìlú ní sẹ́ǹtì mẹ́wàá. Kí lẹ tún ń pè é ní ẹ̀rí fún?

Ẹ lọ ṣí ti 22 December 1941 kẹ́ ẹ wo ohun tí LIFE tẹ̀, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé fọ́tò ojú ọkùnrin méjì kalẹ̀, Ong Wen-hao tó jẹ́ mínísítà ní Ṣáínà, àti Tojo tó ń darí Japan, wọ́n wá kọ àlàyé sára ojú wọn bíi ti ẹni tó ń ya àwòrán ìmọ̀ ẹ̀dá fún ọmọ iléèwé, imú báyìí, àwọ̀ ara báyìí, irùngbọ̀n báyìí, pé kẹ́ ẹ lè mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ lójú títì. Ìwé ìròyìn tó gbajúmọ̀ jù lórílẹ̀-èdè o! Tó bá wá di February 1942 Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ 9066, wọ́n kó èèyàn tó tó 120,000 tí ìran wọn jẹ́ ti Japan kúrò nílé wọn, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà gangan, wọ́n kó wọn sínú àgọ́ tí wọ́n fi wáyà yí ká.

Èmi ò lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí n máa sọ pé "ẹ wo bí ìgbà náà ṣe rí."

Bàbá_Ìwé_Àtijọ́

@Kò_Dé_Bẹ́ẹ̀ ẹ fara balẹ̀ jàre. Ohun tẹ́ ẹ mẹ́nu bà yẹn gan-an ló ń jẹ́ ẹ̀rí. Tí LIFE bá ti pa ẹ̀dà December 1941 yẹn rẹ́ kúrò nínú àkójọ ẹ̀ kí ojú má tì í, kí la fẹ́ fi mọ̀ pé wọ́n ṣe é? Ó wà níbẹ̀, àwa náà ń kà á, a sì ń rí i pé kì í ṣe ìwé àwọn jàǹdùkú ló ń kọ ọ́, ìwé tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì pálọ̀ ni.

Kẹ́ ẹ sì fi ti 20 March 1944 tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Carl Mydans ni wọ́n rán lọ sí àgọ́ Tule Lake ní California, níbi tí wọ́n há àwọn ará Japan tí ìjọba ní wọn ò ṣeé fọkàn tán mọ́. Mydans yìí kan náà, àwọn ológun Japan ti há òun àtìyàwó ẹ̀ mọ́ àgọ́ Santo Tomas ní Manila rí, kò tíì pẹ́ tí wọ́n fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ tó fi gba iṣẹ́ yẹn. Ẹ lọ wo fọ́tò tó yà kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá ojú ẹni tó ń yẹ imú ọ̀tá wò ló fi yà á. Magasíìnì kan náà, ogun kan náà, ọdún méjì ó lé díẹ̀ ló wà láàárín wọn.

Kò_Dé_Bẹ́ẹ̀

Màá wò ó. Ṣùgbọ́n èèyàn kan tó lójú àánú kì í sọ odidi iléeṣẹ́ di mímọ́ o.

Ọmọ_Ìtàn_Àná

Haa, ẹ ṣé gan-an ni, àǹtí Àjíkẹ́ ti ìpolówó yẹn ti là mí lójú, mo ti padà lọ wo ìsàlẹ̀ àwọn ojú ìwé yẹn, òótọ́ ni, bọ́ǹdì ń bẹ níbẹ̀ lóríṣiríṣi.

Mo tún ní ìbéèrè. Nínú magasíìnì yìí, ìròyìn tó dà bíi tuntun àti èyí tó ti pẹ́ dà pọ̀ mọ́ra, mi ò mọ bí mo ṣe lè mọ ìgbà tí oníkálukú wọn ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tó wà lára ẹ̀yìn ìwé yẹn ńkọ́, ṣé ọjọ́ yẹn ló jáde? Mo tún rí i pé fọ́tò ogun LIFE wà níbòmíì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó dáa tó mọ́ ju ti inú magasíìnì tí wọ́n ya lọ, ṣé kí n kúkú lo ìyẹn?

Sista_Láíbírì

Ẹ kú ìjíròrò o. Ti ìkẹyìn yẹn ni mo máa kọ́kọ́ mú torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ní 2008 ni Google gbé àkójọ fọ́tò LIFE síta, ìyẹn fọ́tò fúnra wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni wọn ò tẹ̀ jáde rí. Magasíìnì tí wọ́n ya ojú ìwé ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, 2009 nìyẹn dé sórí Google Books. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ayàwòrán rí, ẹ lọ sí àkójọ fọ́tò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ará ìlú rí nígbà ogun, magasíìnì nìkan ni, bó ti wù kó ṣú tó. Torí bẹ́ ẹ bá mú fọ́tò kan tó mọ́ tónítóní tẹ́ ẹ wá kọ pé "èyí ló mi Amẹ́ríkà tìtì ní 1943", tó sì jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀ ló wà títí ogun fi parí, ẹ ti pa ìtàn lára nìyẹn. Fọ́tò kan náà gan-an lè yí padà, wọ́n á gé etí ẹ̀, wọ́n á fi àlàyé míì sábẹ́ ẹ̀. Ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò o jàre. Àwọn èyí tí ayàwòrán Robert Capa yà ní etíkun Normandy ní Faransé ní 6 June 1944, inú ẹ̀dà 19 June ni wọ́n wà, wọ́n rí gúdẹgùdẹ, ohun tí LIFE kọ sábẹ́ ọ̀kan ni pé ìgbóná ọkàn ọjọ́ náà ló mú kí Capa mi kámẹ́rà. Lẹ́yìn ogun wọ́n wá ní ẹni tó fọ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ooru bà á jẹ́, lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn àwọn olùwádìí tún ti ta ko ìyẹn náà. Àlàyé tó wà nínú ẹ̀dà 1944 ló jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ.

Ọjọ́ ara ìwé: Monday ni wọ́n máa ń kọ, 20 September 1943 yẹn Monday ni, àmọ́ ó ti máa ń wà lórí tábìlì àwọn tó ń tà á ṣáájú ọjọ́ yẹn. Kẹ́ ẹ wá fi àkókò tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kún un. Nítorí náà ìròyìn tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ rí lára páálí, ẹ má wá a nínú ẹ̀dà yẹn, ẹ wò ó nínú èyí tó tẹ̀ lé e tàbí èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn.

Ti àwárí: ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò nígbà yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ kọ Burma dípò Myanmar, ẹ kọ Ceylon dípò Sri Lanka, ẹ kọ Formosa dípò Taiwan. Àwọn ọ̀rọ̀ èébú tí wọ́n fi ń pe ará Japan náà, ó ṣeni láàánú pé ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdajì àbájáde ò ní jáde. Kọ̀ǹpútà tó ń ka ojú ìwé yẹn sì máa ń kà á báṣubàṣu níbi tí lẹ́tà bá wà lórí àwòrán, ìpolówó ló sì máa ń jìyà ẹ̀ jù, ìyẹn ni pé ojú yín lẹ máa fi wá a, ẹ kàn máa ṣí i lọ.

Èyí tí ẹnì kankan ò tíì sọ ni ojú ìwé lẹ́tà. Iwájú ìwé níbẹ̀ ló wà. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ máa fún un kí lẹ́tà àwọn òǹkàwé lórí ẹ̀ tó jáde. Torí náà fún fọ́tò Buna, ẹ lọ sí àwọn ti October 1943. Àwọn kan yìn wọ́n, àwọn kan bú wọn. Lóòótọ́ àwọn olóòtú ló yan èyí tó jáde, síbẹ̀ òun ló sún mọ́ ẹnu ará ìlú jù nínú gbogbo ìwé náà.

Ẹ̀kẹta yín wá ni, "báyìí ni ará Amẹ́ríkà ṣe rí ogun". Ará Amẹ́ríkà wo? Ẹ ka ìpolówó inú ẹ̀ kẹ́ ẹ wá èèyàn dúdú. Tẹ́ ẹ bá rí wọn, ó máa jẹ́ ẹni tó ń gbé ẹrù ní rélùwéè tàbí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún aláwọ̀ funfun. Bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn dúdú wà lójú ogun lọ́pọ̀ yanturu, inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn ni wọ́n wà, 1948 ni Ààrẹ Truman ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ pé kí ìyẹn dópin. Kẹ́ ẹ lè gbọ́ tẹnu wọn, ẹ ṣí Pittsburgh Courier, ìwé ìròyìn àwọn èèyàn dúdú. Ní January 1942 ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ James G. Thompson kọ lẹ́tà sí wọn, ó ń béèrè pé kí ló dé tí òun á fi lọ kú fún ìlú tó fi òun ṣe ìdajì ọmọ ìlú, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìṣẹ́gun jẹ́ méjì, ọ̀kan lórí ọ̀tá òde, ọ̀kan lórí ọ̀tá ilé. Láti February ni Courier ti sọ ọ́ di ìpolongo, Double V ni wọ́n pè é, V yẹn dúró fún victory, ìyẹn ìṣẹ́gun. Tẹ́ ẹ bá fi LIFE sápá ọ̀tún tẹ́ ẹ fi Courier sápá òsì, ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ máa rò pé ìlú méjì ni.

Kò_Dé_Bẹ́ẹ̀

Sista, ẹ ti sọ tẹnu mi. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn látàárọ̀.

Sista_Láíbírì

Rárá o, ẹ̀yin ní ká má kà á. Èmi ní ká kà á pẹ̀lú ìwé mìíràn.

Kò_Dé_Bẹ́ẹ̀

😂 Ó yá, ó yá, mo gbà fún yín.

Ọmọ_Ìtàn_Àná

Mo ti ń rẹ́rìn-ín níbí. Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti rí ọ̀nà tí mo fẹ́ gbé e gbà báyìí, màá fi fọ́tò Buna sí àárín, lápá kan ìpolówó àti bọ́ǹdì, lápá kejì lẹ́tà October àti Courier ti ọ̀sẹ̀ yẹn. Tó bá wá jẹ́ pé mo tún fẹ́ ẹ̀dà kan tàbí méjì míì láti fi wé e, èwo lẹ máa mú?

Bàbá_Ìwé_Àtijọ́

Tó bá jẹ́ èmi, ti 5 July 1943 ni màá kọ́kọ́ mú, kó tó tó oṣù mẹ́ta kí ti Buna jáde. Lásìkò yẹn wọn ò tíì gbà wọ́n láyè láti fi òkú hàn, ohun tí LIFE wá ṣe ni pé wọ́n tẹ orúkọ. Orúkọ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ti kú sógun látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tò síbẹ̀, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ìlú sí ìlú, wọ́n lé ní 12,000, lẹ́tà tíńtìntín, òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ojú ìwé lórí ojú ìwé. Ní July orúkọ wà, kò sí òkú. Ní September òkú wà, kò sí orúkọ. Ẹ ò ní rí ìwé tó máa ṣàlàyé bí ìjọba ṣe ń ṣọ́ ìròyìn yé èèyàn tó bíi kẹ́ ẹ gbé ẹ̀dà méjèèjì yẹn síra.

Ti 7 May 1945 náà wà, ìgbà tí wọ́n ya wọ inú àwọn àgọ́ ikú tí àwọn Jámánì ṣe, Margaret Bourke-White àti George Rodger wà lára àwọn tó ya fọ́tò ibẹ̀. Òkú tó wà nínú ẹ̀dà yẹn kò níye, ojú wọn sì hàn. Ẹ múra sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i, kẹ́ ẹ má ṣí i tí ọmọdé bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ jáde kúrò nínú ogun yẹn, ẹ wo ti 12 July 1968, àwọn ọmọ Biafra tí ebi ń pa ló wà níwájú páálí ẹ̀. Àti ti 27 June 1969, ìyẹn ogun Vietnam: LIFE wá fọ́tò àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ìjọba kéde pé wọ́n kú lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, 242 ni wọ́n, wọ́n to ojú 217 nínú wọn sínú magasíìnì bí ìwé àwọn tó ń jáde iléèwé, orúkọ, ọjọ́ orí, ìlú tí wọ́n ti wá. Kò sí olóòtú tó ní kẹ́ ẹ ra bọ́ǹdì lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ_Ìtàn_Àná

Ti July àti ti September 1943 ni màá fi síra nígbà náà, ti 1969 á wá kẹ́yìn. Bàbá, ẹ kú làálàá, ẹ̀yin tó kù náà.

Àjíkẹ́_Onísírò

Tẹ́ ẹ bá ti ṣí ti July yẹn, ẹ bá mi ka iye ìpolówó tó dárúkọ bọ́ǹdì nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá ka ti September náà, kẹ́ ẹ gbé nọ́ńbà méjèèjì wá síbí. Ìpolongo ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò tíì bẹ̀rẹ̀ ní July, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó fò sókè.